Ọkùnrin Tó Dúró sí Oríta

Bí ẹ bá bi aṣeyín yìí léèrè pé àwọn wo ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́, á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á wá ní, "Ọ̀rẹ́ bíi báwo?" Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ó bí ìbejì, ó tọ́ wọn dàgbà, wọ́n ti wà nílé ọkọ, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlélógún jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín, níbi tó ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Àwọn dókítà á fi ẹ̀dà ẹnu èèyàn ránṣẹ́ sí i nínú páálí, sìmẹ́ńtì funfun ni wọ́n fi ń ṣe é. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ. Òun á jókòó ti iná kékeré orí tábìlì, á máa fi ọ̀bẹ tín-ínrín gbẹ́ ìda, á máa to eyín lẹ́sẹẹsẹ, á máa fi àtàǹpàkò kàn án wò bóyá ó ti dán. Bó bá parí, á dá páálí padà. Ẹni tó ni ẹnu ò rí i, òun náà ò rí ẹni tó ni ẹnu. Àìmọye èèyàn ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń kí i lójú títì.

Ohun kan ṣoṣo tó ń mú un jáde ni alùpùpù rẹ̀. Dúdú ni, ó ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ ju àwo oúnjẹ ilé ẹlòmíì lọ. Tó bá ti di ọjọ́ Sátidé, á dé akoto rẹ̀ mọ́rí, á forí lé ọ̀nà tó bá wù ú, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Téèyàn bá ti wà nínú akoto, kò sẹ́ni tó máa retí pé kó sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó yọ̀ lórí iyanrìn níbi tí ọ̀nà kan ti tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, òun àti màṣíìnì bá kó sínú kòtò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sábẹ́ màṣíìnì. Fóònù rẹ̀ fò sínú koríko, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Wákàtí mẹ́fà ló fi wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ń kọjá lókè orí rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó wá ṣẹ́ igi ló bá a níbẹ̀. Egungun ò ṣẹ́, kìkì ara bíbó ni, àfi ẹ̀rù tó bà á. Ìyàwó rẹ̀ ló sì ń pe fóònù yẹn, ìgbà mọ́kànlélógójì.

Ìyàwó yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkówèésí, kì í pariwo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó sàn kó pariwo. Ó wẹ egbò fún ọkọ rẹ̀, ó dè é, ó gbé tíì fún un, ó wá jókòó dojú kọ ọ́.

"Bàbá Ìbejì," ló wí, "mi ò ní kẹ́ ẹ má gun màṣíìnì mọ́. Kẹ́ ẹ má dá gùn ún mọ́ ni mo wí. Ẹ wá àwọn tẹ́ ẹ ó jọ máa gùn ún, tí wọ́n á mọ̀ tẹ́ ẹ bá ṣubú. Tẹ́ ẹ ò bá rí wọn, ẹ tà á."

Aṣeyín ní òun ti gbọ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà á tutù tó bá yá. Kò tutù. Màṣíìnì wà lẹ́yìn ilé fóṣù mẹ́ta àtààbọ̀, kò gùn ún débì kankan, oníbúrẹ́dì tó wà ládùúgbò wọn sì ti ń wá yọjú sí i. Ó fẹ́ fi máa gbé búrẹ́dì kiri. Ó tilẹ̀ ti wọn ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá á gba àpótí búrẹ́dì. Ìyàwó yìí náà ló wá rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìkówèésí, pé àwọn onímàṣíìnì fẹ́ ṣe àpéjọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní pápá kan tí kò jìnnà púpọ̀. Ó ká a, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta rèé. Mo ti sọ fún oníbúrẹ́dì pé kó wá láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, ní aago mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá ti rí èèyàn kó tó dìgbà yẹn, màá dá a padà. Tẹ́ ẹ ò bá rí, kó máa gbé e lọ."

Ẹ wo ọ̀ràn. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélógún wojú eyín tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kó lọ wá ọ̀rẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ì bá ti ta màṣíìnì náà kí n lọ fi jẹun. Ṣùgbọ́n òun di ẹrù rẹ̀, ó ra àgọ́ kékeré kan, ó sì lọ.

Pápá yẹn wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe táìlì nígbà kan. Ó tó ogójì màṣíìnì tó bá níbẹ̀, oríṣiríṣi, kékeré àti ńlá, àwọn tó ń dán àti àwọn tí okùn ló so wọ́n pọ̀. Gbogbo èèyàn ló mọra wọn. Wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn, wọ́n ń bèèrè ọmọ, wọ́n ń bèèrè orúnkún tó ń dun ẹnìkan lọ́dún tó kọjá. Aṣeyín pa àgọ́ rẹ̀ sí ìkangun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó mú aṣọ jáde, ó nu màṣíìnì rẹ̀. Ó nù ún tán, kò rí ohun mìíràn ṣe, ló bá tún nù ún. Nígbà tó máa nù ún lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnìkan tó ń kọjá bi í bóyá ó fẹ́ tà á ni.

Kò sì kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń wojú èèyàn. Ẹnu ló máa ń wò. Ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín sí i, eyín onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ rí: èyí ń lọ eyín rẹ̀ bó bá ń sùn, èyí kì í fọ eyín ẹ̀yìn dáadáa, ẹni tó ṣe eyín àtọwọ́dá ìyá yìí ò mọṣẹ́. Ó ń wò wọ́n láìmọ̀ pé òun ń wò wọ́n, àwọn tó ń wò sì ń fọwọ́ bo ẹnu.

Onígbàjámọ̀ kan ló pa àgọ́ tì í. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ láti àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sẹ́nu, ó fẹ́ fi eyín ṣí i. Aṣeyín ò mọ ìgbà tí òun dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eyín yẹn ṣí i," ló wí. "Ó ti sán lápá òsì. Ẹ̀ẹ̀kan sí i báyìí, ó máa là dé ìdí, ẹ ó sì wá sọ́dọ̀ mi nínú páálí."

Onígbàjámọ̀ mú ìgò kúrò lẹ́nu. Ó wo ìgò, ó wo aṣeyín látòkè délẹ̀. Ó yí padà, ó lọ síbi tí àwọn yòókù wà, kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹ̀rín bú lọ́hùn-ún. Aṣeyín wọnú àgọ́ rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ pa. Ojú tì í débi pé ó bọ́ bàtà sí ibi tó fẹ́ gbórí lé.

Ìyàwó rẹ̀ pè é kílẹ̀ tó ṣú. "Ẹ ti bá ẹnìkankan sọ̀rọ̀?"

"Mo bá onígbàjámọ̀ kan sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Ó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbejì."

"Hin."

"Ó dàárọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó ara wọn jọ fún ìrìn àjùmọ̀rìn. Olórí wọn jẹ́ obìnrin kan tó ti fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà Àgbà ni wọ́n ń pè é. Ó gun orí àpótí kan, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ sì dákẹ́ bí ọmọ kíláàsì kejì.

"Ẹ̀yin àlejò, ẹ gbọ́ o. Oríta kọ̀ọ̀kan tá a bá dé, màá nawọ́ sí ẹni tó bá tẹ̀ lé mi. Ẹni yẹn á dúró síbẹ̀, á máa fọwọ́ júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀. Ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá là ń pè ní Ìrù. Òun nìyẹn."

Ìrù jẹ́ káfíńtà kan tó ga, tí èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Ó nawọ́ sókè. Ó wọ ẹ̀wù aláìlápá kan, àwọ̀ ìyeyè tó ń kọ mànà, lé orí jákẹ́ẹ̀tì dúdú rẹ̀.

"Ẹ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan àfi tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀wù ìyeyè," ni Tíṣà Àgbà wí. "Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ó parí, ẹ bọ́ síwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò bá tíì rí i, èèyàn ṣì wà lẹ́yìn nìyẹn. Òjò ni o, oòrùn ni o, ẹ má kúrò. Ọdún kẹrìndínlógún rèé, a ò tíì sọ ẹnìkankan nù."

Àlejò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, iwájú ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Àlejò kìíní dúró sí oríta àkọ́kọ́, ìkejì dúró sí ti èkejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n rìn jìnnà kí wọ́n tó dé ibì kan tí ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta, níwájú ilé epo kan tó ti kógbá sílé. Tíṣà Àgbà na ìka sí aṣeyín, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà apá ọ̀tún, ó kọjá. Aṣeyín gbé màṣíìnì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró wámúwámú.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni ó ń júwe. Kò fi ìka júwe o, odidi apá ni. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á mi orí sí i, á yà sápá ọ̀tún, òun náà á mi orí padà. Ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ pàápàá kọjá, ó sì fi fèrè kí i. Ó rò ó pé bóyá wọn ò bínú sí òun tó bí òun ṣe rò.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti kọjá tán, ó ku ẹ̀wù ìyeyè. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹnìkan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú, tí akoto bo ojú rẹ̀, dá nìkan yọ. Ó dín ìrìn kù, ó na ọwọ́ síwájú, ó jù ú lẹ́ẹ̀mejì. Aṣeyín rò pé kíkí ló ń kí òun, ló bá ju ọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, ó sì júwe ọ̀nà fún un. Onítọ̀hún mi orí, ó yà, ó lọ.

Ìrù nìyẹn. Kò wọ ẹ̀wù ìyeyè mọ́, ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ó ń kánjú, kò dúró kí aṣeyín bọ́ síwájú rẹ̀; ó rò pé aṣeyín ti rí òun, pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Kò bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó ti ń jẹ́ Ìrù fún ọdún mẹ́rìndínlógún kì í bojú wẹ̀yìn, torí kì í sẹ́ni tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Aṣeyín dúró. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì kọjá. Ó yọ akoto. Wákàtí kan kọjá. Ó wá ibòji lábẹ́ òrùlé ilé epo, ṣùgbọ́n kò rí títì dáadáa láti ibẹ̀, ó bá padà sínú oòrùn. Omi tó gbé dání tán. Nígbà tó pé wákàtí méjì, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò dáa. Wọ́n ti fi ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgò àná yẹn ni. Bóyá bí wọ́n ṣe ń fi àlejò ṣeré nìyí, wọ́n á gbé e sí oríta, wọ́n á lọ jókòó síbì kan, wọ́n á máa fi rẹ́rìn-ín. Kò ní nọ́ńbà ẹnìkankan nínú wọn. Ta ló máa fún un?

Ó mọ ọ̀nà tó lè gbà padà. Ogójì ìṣẹ́jú ni, ó ti dé àgọ́. Ó tilẹ̀ gun màṣíìnì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ń rántí bó ṣe ń gbọ́ ọkọ̀ lókè orí rẹ̀ lọ́jọ́ kòtò yẹn, èyí tó bá ń bọ̀ á máa gbọ́ ọ látòkèèrè, á máa sọ lọ́kàn pé eléyìí á dúró, eléyìí á dúró, á sì kọjá. Ẹ̀wù ìyeyè ò tíì kọjá. Bóyá wọ́n fi òun ṣeré o, bóyá wọn ò fi òun ṣeré o, ẹnìkan lè wà lẹ́yìn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ pè é.

"Ẹ wà pẹ̀lú wọn?"

Kì í lè purọ́ fún obìnrin yìí. "Rárá. Mo wà ní oríta."

"Ẹ̀yin àti ta?"

"Èmi nìkan ni." Ó sọ fún un bí wọ́n ṣe gbé òun síbẹ̀ àti iye wákàtí tó ti tó. Ó ní, "Mi ò rò pé wọ́n ń padà bọ̀ wá mú mi."

Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Kí lẹ wá ń dúró ṣe? Ẹ máa bọ̀ nílé, Bàbá Ìbejì. Ẹ ti gbìyànjú. Mi ò ní bá yín wí."

"Ẹni tó gbẹ̀yìn ò tíì kọjá."

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹnìkan wà lẹ́yìn?"

"Kò dá mi lójú."

Ìyàwó wá bi í bóyá ó ní omi, ó ní ó ti tán. "Ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Oníbúrẹ́dì á dé ní aago mẹ́wàá ọ̀la."

Aṣeyín fi fóònù sápò. Ó wo màṣíìnì rẹ̀, ó fọwọ́ pa tánkì rẹ̀ lára, ó sì dùn ún gan-an. Kì í ṣe ti màṣíìnì nìkan. Ó ti ń dá nìkan wà fún ọjọ́ pípẹ́, kò sì mọ̀ pé ó wu òun kí wọ́n máa mi orí sí òun bíi ti àárọ̀ yẹn. Ó jókòó sórí òkúta tó wà níbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù nígbà tó gbọ́ ìró màṣíìnì kan, tó ń rọra bọ̀, tó ń wúkọ́ bí ẹni tí àyà ń dùn. Ó dìde. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni àwọ̀ ìyeyè.

Ó na apá rẹ̀ sápá ọ̀tún, odidi apá, bó ṣe ń ṣe é láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù ìyeyè yìí kò rìn bíi ti Ìrù, kò sì ga tó Ìrù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó ṣí akoto, obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì kan ni, tó tó ẹni ogójì ọdún. Ojú rẹ̀ kún fún eruku, omijé sì ti la ọ̀nà méjì kọjá lára eruku náà.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ ṣì wà níbí?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè," ni aṣeyín wí. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu òun.

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, ó sọ tẹnu rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́ lẹ́yìn oríta kejì. Ìrù dúró tì í, wọ́n pe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń tẹ̀ lé àpéjọ náà, ẹni tó ń wà á sì ní òun ti ń bọ̀. Ìrù ò fẹ́ kí àwọn tó kù níwájú ṣì ọ̀nà, ó fẹ́ tètè lọ, ló bá bọ́ ẹ̀wù ìyeyè, ó wọ̀ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kí ọkọ̀ má bàa gbá a létí títì. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Kò rántí pé ẹ̀wù yẹn ni gbogbo èèyàn ń dúró de, pé òun ti sọ ara rẹ̀ di ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ò dé, fóònù nọ́ọ̀sì kú. Awakọ̀ tírélà kan tó ń kọjá ló bá a di táyà pa níkẹyìn.

"Mi ò gba ọ̀nà yìí rí," ló wí. "Mo ti pinnu pé apá òsì ni màá yà, torí òun ló fẹ̀ jù. Mo mọ̀ pé kò lè sí ẹnikẹ́ni ní oríta kankan mọ́ lásìkò yìí."

Aṣeyín wo ọ̀nà apá òsì. Pátákó tó wà níbẹ̀ fi hàn pé ìlú tó sún mọ́ jù lọ lápá ibẹ̀ jìn tó àádọ́fà kìlómítà. Òun náà wá sọ ti ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì dúdú tó ju ọwọ́ sí òun, tí òun ń kí padà bí ẹni pé wọ́n pàdé níbi ìgbéyàwó. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mú aṣeyín náà, àwọn méjèèjì rín in títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wọ́n. Ọkàn wọn balẹ̀, ara wọn fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì fún un ní omi, ó mu ìgò náà tán láìmí.

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni Ayẹyínwò?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo àgọ́ ló ń pè yín bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ àná. Onígbàjámọ̀ sọ fún wa pé bàbá kan wo ẹnu òun lókèèrè, ó sọ bí eyín òun ṣe máa kú. Ó ní dókítà òun sọ ohun kan náà fún òun lóṣù tó kọjá, òun ò sì gbọ́. Kò sẹ́ni tó fi eyín ṣí ìgò mọ́ láti ìgbà yẹn. A fẹ́ pè yín wá bá wa jókòó, ẹ ti wọ inú àgọ́, ẹ ti pa á dé."

Aṣeyín ti ní orúkọ láàárín wọn láti àná, tí òun ń ro ara rẹ̀ pin nínú àgọ́.

Wọn ò tíì gbéra nígbà tí ìró màṣíìnì bo gbogbo ibẹ̀. Láti ọ̀nà àgọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n tan iná iwájú, Tíṣà Àgbà ló ṣáájú, Ìrù tẹ̀ lé e, onígbàjámọ̀ wà lẹ́yìn, ó tó ogún. Ìrù ò tilẹ̀ dúró kí màṣíìnì rẹ̀ kú dáadáa kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó di aṣeyín lọ́wọ́ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò sì jọ pé ó máa jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ó ní nígbà tí wọ́n dúró jẹun, wọ́n bèèrè Ayẹyínwò, òun ní ó wà lẹ́yìn òun. Wọ́n wá a, wọn ò rí i, ẹnìkan ní ó ṣeé ṣe kó bá nọ́ọ̀sì padà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n gba ọ̀nà mìíràn padà sí àgọ́. Onígbàjámọ̀ lọ ṣí àgọ́ rẹ̀, kò bá èèyàn. Ọkọ̀ akẹ́rù sì wọlé lófìfo, ẹni tó ń wà á ní òun ti ń wá nọ́ọ̀sì kiri láti ọ̀sán lójú ọ̀nà tí kì í ṣe èyí tó wà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìyẹn, wọn ò dúró bọ́ ìbọ̀wọ́.

Fóònù aṣeyín dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó fẹ́ gbé e, Tíṣà Àgbà nawọ́.

"Ìyàwó yín ni? Ẹ fún mi. Èmi ni mo fi yín síbí, èmi ni màá sọ ọ́."

Aṣeyín mọ̀ pé tí ìyàwó òun bá gbọ́ pé wọ́n gbàgbé òun sí títì fún wákàtí mẹ́fà, tí ó rí bíi ti kòtò gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá wo ló máa kọ̀ sí Tíṣà Àgbà lẹ́nu? Ó fún un, Tíṣà Àgbà sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè máa gbọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Èmi ni olórí àwọn onímàṣíìnì. Ọkọ yín wà níwájú mi, ara wọn le. Mi ò ní parọ́ fún yín. A fi wọ́n sí oríta, a sì gbàgbé wọn síbẹ̀ láti ọ̀sán. Àṣìṣe wa ni. Wọn ò kúrò. Ẹnìkan wà lẹ́yìn lóòótọ́, ká ní wọ́n ti kúrò, ibi tí onítọ̀hún ì bá wà báyìí, mi ò mọ̀ ọ́n."

Aṣeyín ń wo ilẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀?" ni ìyàwó wí.

Wọ́n wo ara wọn. Onígbàjámọ̀ sún mọ́ fóònù. "Èmi ni, mà. Mo fi oúnjẹ pamọ́ dè wọ́n, mo wá ní, Ayẹyínwò dà?"

"Ta ni?"

"Ayẹyínwò, mà. Orúkọ wọn lọ́dọ̀ wa nìyẹn."

Ìyàwó yìí, tí kì í pariwo, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí gbogbo wọn fi ń wo fóònù. Láti ọjọ́ kòtò, aṣeyín ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú ilé. Omi dé ojú rẹ̀, ó bá yọ gíláàsì, ó ń nù ún, kò sì sí eruku lára rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín," ni ìyàwó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Olórí, káfíńtà, nọ́ọ̀sì, onígbàjámọ̀, gbogbo yín pátá. Mo ti mú ìwé. Màá ránṣẹ́ sí oníbúrẹ́dì pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu."

Wọ́n ń kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́, ó ń kà á padà. Nígbà tó kọ ti ẹni ìkẹyìn tán, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì."

"Hin."

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti gbé màṣíìnì kúrò nílé lánàá ni mo ti wà lórí ìdúró. Ẹ bá wọn lọ jẹun. Mo fẹ́ lọ jókòó."